Ọmú Nínú Ọmú

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá fẹ́ bá ọ jà kì í pariwo. Á kí ọ. Á béèrè àwọn ọmọ. Bí o bá ṣàdúrà, á ṣe àmín. Ìyókù, ẹnu ọ̀nà rẹ ni wàá ti bá a.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún Àdìjátù ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Ó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Pópó Àgùdà, níbi tó ti ń ta ẹní ìkírun àti kẹ́tù àlùwàlá. Ìbẹ́pẹ kan ló bá lórí àtẹ̀gùn. Ìbẹ́pẹ náà ti pọ́n, ó tóbi, ó rí rọ̀gbọ̀dọ̀ bí ọmú abiyamọ. Wọ́n fi òwú dúdú àti òwú pupa wé e yíká, wọ́n sì ki ẹ̀gún igi ọsàn kan bọ ibi tí orí ọmú ì bá wà. Omi ti ń ro jáde lójú ẹ̀gún náà, àwọn èèrà sì ti dé.

Kò ké. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Ìgbà tó máa fura, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìjáàbù, ó ti di ọmú rẹ̀ òsì mú.

Nítorí nǹkan wà níbẹ̀. Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Ó rọ̀, kì í dùn ún. Bó bá fi ìka tì í, á yẹ̀ fún un, á sì tún padà sí àyè rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló dà bí ẹni pé ó ń tóbi sí i. Kò tíì sọ fún Bùsàrí ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún Nusrat ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Òun àti Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ta ló wá sọ fún ẹni tó gbé ìbẹ́pẹ wá?

Ó fi ìgbálẹ̀ gbá a sínú gọ́tà, kò fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bó ṣe já sínú omi ìdọ̀tí yẹn, ọmú náà ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́.

*

Orúkọ kan ló sọ sí i lọ́kàn: Hàjíà Morufat.

Ìyá Àdínnì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ló kú lẹ́yìn Ìléyá, oyè náà sì ṣófo. Àwọn àgbà ní obìnrin méjì ló tọ́ sí. Àdìjátù ni ọ̀kan, ẹni tó ń kó àwọn obìnrin jọ fún àsálátù, tó sì ń wẹ òkú obìnrin láìgba nǹkan kan. Hàjíà Morufat ni èkejì, ọlọ́jà ńlá tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní Èbúté Èrò, tí ìyá tó bí i ti jẹ oyè náà rí. Lèmọ́mù Bashiru ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bí Máólúdì bá wọlé, wọ́n á wé láwàní fún ọ̀kan nínú wọn. Hàjíà ò ní sùúrù. Ó ti sọ ọ́ níta pé ọmọ ará Ọ̀yọ́, tí bàbá bàbá rẹ̀ wá fi òfì híhun jẹun l'Ékòó, kò lè gun orí ọmọ onílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ìbẹ́pẹ, Hàjíà fúnra rẹ̀ wọlé tọ Àdìjátù wá. Ó wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó ń ta sánsán bí ilé ẹni tó ń ta lọ́fínńdà. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Ìyá Nusrat, wọ́n ní o ti ń rán aṣọ oyè."

"Aṣọ Máólúdì ni, Hàjíà. Ọdọọdún la máa ń rán an."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá ọ lára mu." Ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí àyà Àdìjátù, ó dúró síbẹ̀, kò yára gbé e kúrò. "Ara rẹ ńkọ́? Apá òsì yẹn?"

Àdìjátù fa ìjáàbù rẹ̀ bo àyà. "Kí ló ṣe apá òsì, Hàjíà?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tó bá ń wú tí kò dùn ni, ilé ló ń kọ́ síni lára. Bó bá kọ́lé tán, á wá kó ẹrù rẹ̀ wọlé." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Oyè yẹn wúwo. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá le, kó má dábàá pé òun á gbé e. Ó dàárọ̀ o."

Bó ṣe jáde, Àdìjátù ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ aṣọ, ó dúró níwájú dígí. Òsì ti ju ọ̀tún lọ. Kò sí bó ṣe lè tan ara rẹ̀ jẹ mọ́.

*

Lẹ́yìn Ìga Idunganran, ààfin ọba Èkó, nínú ọ̀nà tóóró kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ni Alfa Ubaydullah ń gbé. Kì í ṣe alfa tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Àwọn tó ń wá a kì í sọ pé àwọn ń wá a. Ńṣe ni wọ́n máa ń fa ìjáàbù bo ojú. Àdìjátù náà fà á bo ojú.

Yàrá náà kún fún èéfín tùràrí. Alfa kọ nǹkan sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo funfun, ó ní kó bojú wò ó. Omi dúdú ló rí, àti ojú ara rẹ̀ tó ń mì nínú rẹ̀.

"Ẹranko ni," ni Alfa wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Wọ́n gbé e sí ọ lára ní kékeré. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń bọ́ ọ. O rí oúnjẹ tí wọ́n gbé wá kẹ́yìn, àbí o ò rí i?"

Àdìjátù kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ kankan fún un. 

"Mo rí i, Alfa."

"Mo lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá dárúkọ ẹni tó ń lọ bá. Inú omi yìí ni wàá pè é sí. Kí o mọ̀ o, ọmọ mi: ohun tí a bá dá padà kì í béèrè bóyá ilé tí a ní kó lọ ni ilé tó ti wá. Ibi tí a bá ní kó lọ ló ń lọ."

Ó yẹ kó rò ó wò. Ìgbà tó yá ló tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun ti rò ó wò. Ṣùgbọ́n ìbínú ti há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó tẹ orí ba sórí àwo náà.

"Morufat, ọmọ Sàlámọ́tù," ló wí.

Ó sì dùn mọ́ ọn. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nìyẹn, bí orúkọ náà ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀. Alfa bu díẹ̀ nínú omi náà fún un mu, ó sì da ìyókù síta, sí apá ibi tí Èbúté Èrò wà.

*

Kò pẹ́ rárá. Ìròyìn dé pé Hàjíà Morufat ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì, kẹ́tù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀lé e. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́. Ẹnu rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ó kọ̀, ó ní èyí tó ṣe òun kì í ṣe ti òyìnbó. Bàbá Ìjẹ̀bú, oníṣègùn rẹ̀ tó ń gbé létí ọ̀sà, ló ní kí wọ́n lọ pè wá.

Bùsàrí ló mú ìròyìn náà wálé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bùsàrí; ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ èbúté, rédíò ló kù tó ń gbọ́. "Kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà," ló wí.

"Àmín," ni Àdìjátù wí, ó sì yíjú sẹ́yìn kí ọkọ rẹ̀ má baà rí ẹ̀rín tó fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmú kò fà. Bí a bá ti dá ẹranko padà, ó yẹ kí ihò rẹ̀ ṣófo, èyí sì ń tóbi sí i ni. Ó padà sọ́dọ̀ Alfa. Alfa fún un ní ọṣẹ dúdú àti ìpara kan tó ń ta bí ata. Ó ń pa á títí awọ ọmú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tó pupa bí ẹran lórí igbá alápatà. Bó bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó máa ń gbọ́ ohun kan tó ń jẹun lábẹ́ apá rẹ̀, tàbí kó dà bí ẹni pé ó gbọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìbẹ́pẹ mìíràn dé sórí àtẹ̀gùn. Èyí kò pọ́n rárá. Ẹ̀gún ti bo gbogbo ara rẹ̀.

"Ó ti há sínú," ni Alfa wí nígbà tó tún lọ. "Ìyá rẹ̀ ti lọ, ọmọ ló kù. A máa là á kí ó jáde."

Ó tú aṣọ kan. Abẹ ìfárí ló wà nínú rẹ̀, etí abẹ náà ti dípẹtà. Ó ní kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Àdìjátù bọ́ aṣọ dé ìbàdí, ó dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ọwọ́ Alfa ń gbọ̀n. Kì í ṣe ti ogbó. Ẹ̀rù ló ń ba Alfa. Ohun tó wà nínú ọmú yẹn kò yé e, bí kò ṣe yé òun náà.

"Ẹ dúró, Alfa."

"Má sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́."

"Mo ní kí ẹ dúró."

Ó fa aṣọ mọ́ra, ó dìde. Alfa di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní bó bá fi lè jáde báyìí, nǹkan náà á dé ọkàn rẹ̀ kó tó délé. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó rìn gba ọ̀nà tóóró náà já sí títì, kò wẹ̀yìn, ó ń dúró kí nǹkan náà dé ọkàn rẹ̀.

*

Ó délé, kò kú. Ó ṣí ọmú náà han Bùsàrí. Ọkọ rẹ̀ wò ó pẹ́, ó na ọwọ́, ó pa rédíò.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà ààwẹ̀."

"Kò sì yẹ kí n mọ̀." Kò dúró gba èsì. Ó lọ wá bàtà rẹ̀.

Ní ọsibítù, Dókítà Jóṣúà ni wọ́n ní kí wọ́n lọ rí, ọkùnrin gíga kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Nọ́ọ̀sì dúró tì í nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ tó bó ló kọ́kọ́ bí i nínú. "Ta ló sun yín báyìí, Màmá?" Àdìjátù yíjú sí ògiri. Dókítà fi ìka tọ nǹkan náà yíká, ó wo abíyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò inú ọmú náà, kí wọ́n sì ṣe sikáànù. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ọmú náà pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá kan yọ díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀, wọ́n ní àwọn kan á lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí wọ́n padà lọ gbọ́ èsì, Dókítà ní, "Wọn ò rí àrùn kankan nínú ohun tí a fi abẹ́rẹ́ yọ. Ẹran ara lásán ni wọ́n rí. Ọ̀rá àti ẹran ọmú, bíi ti gbogbo obìnrin."

Kò ya Àdìjátù lẹ́nu. Ó ti mọ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, nǹkan náà yẹ̀ fún un, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹran. Ó mọ̀ pé wọ́n ń wá òun.

"Ẹ ò ní rí i," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò ṣeé rí. Wọ́n gbé e sí mi lára ni, Dókítà."

Dókítà kò fi ṣẹ̀rín. Ó gbé fọ́tò náà síwájú iná. "Ẹ wo ibí." Láàárín ọmú tó rí bí eérú, ohun roboto kan wà, awọ tín-ínrín yí i ká. Inú rẹ̀ ní dúdú, ó ní funfun, gẹ́gẹ́ bí ọmú tó gbé e sínú gan-an ṣe rí. Ó dà bí ọmú kékeré kan tó wà nínú ńlá.

"Ìdí tí abẹ́rẹ́ fi bá ẹran lásán ni pé ẹran lásán ni," ni Dókítà wí. "Ọ̀rá yín ni, ẹran ọmú yín ni, iṣan yín ni. Wọ́n kóra jọ síbi tí kò yẹ, wọ́n wá ń dàgbà láyè ara wọn. Hamatóómà là ń pè é. Kò wọ́pọ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí ẹni bá gba abẹ́rẹ́ nìkan gbọ́, kò ní mọ̀ ọ́n; fọ́tò àti abẹ́rẹ́ la jọ ń wò pọ̀. Kò sí àlejò kankan níbẹ̀, Màmá."

"Kò sí ẹni tó gbé e síbẹ̀?"

"Ohun tí mo lè sọ ni pé ara yín ló ṣe é."

Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò balẹ̀. Ẹ̀rù mìíràn ló bà á, èyí tí kò mọ̀ rí. Bí kò bá sí àlejò kankan níbẹ̀, kí wá ni òun dá padà?

"Ẹ lè fi í sílẹ̀ ká máa ṣọ́ ọ," ni Dókítà ń wí. "Ṣùgbọ́n ó ti tóbi, ó sì ń dàgbà. Bí ẹ bá fẹ́, a ó yọ ọ́ lódidi tòun ti awọ rẹ̀. Ojú ibi tó bó yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san ná."

"Ẹ yọ ọ́," ni Àdìjátù wí.

*

Kí awọ náà tó san, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni. Àwọn tó máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lókèèrè. Níbi àsálátù, àyè kan máa ń ṣófo lápá ọ̀tún rẹ̀, òmíràn lápá òsì. Ẹnì kan ní Lèmọ́mù ti sọ pé a kì í wé láwàní fún ẹni tó ń kú lọ. Lèmọ́mù kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ bi í.

Ní ọ̀sán tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó ti wà lórí ibùsùn ọsibítù nígbà tí Mariyah, aránṣọ rẹ̀, wọlé. Ìgò omi kan wà lọ́wọ́ Mariyah, ó gbá a mọ́ àyà.

"Hàjíà ló ní kí n gbé e fún yín, Màmá. Omi Sàmúsámù ni. Ó ní kí ẹ mu ún kí wọ́n tó gbé yín wọlé. Ó ní bí abẹ bá kan nǹkan náà láìjẹ́ pé ẹ mu ún, ẹ ò ní jí."

Àdìjátù gbé ìgò náà wò sí ojú fèrèsé. Omi náà mọ́, àfi ewé tín-ín-tín kan tó ń yípo nídìí rẹ̀, tó ń yípo bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọwọ́ òun tó dì í mú dúró ṣinṣin.

"Mariyah, ìgbà wo lo di ìránṣẹ́ Hàjíà?"

Mariyah bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fà á. Nígbà tí mo wọ̀n yín fún aṣọ Máólúdì, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì ń fẹ́ aṣọ ju ọ̀tún lọ. Mo fi ṣe àwàdà níwájú Hàjíà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Màmá. Ọjọ́ kejì ló ní kí n bá òun ra ìbẹ́pẹ."

"Ìbẹ́pẹ àkọ́kọ́?"

"Àkọ́kọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

Àdìjátù gbé ìgò sílẹ̀. Lẹ́yìn Ìléyá ló lọ wọn aṣọ. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni nǹkan náà ti wà lára rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ibì kan náà ló ń já sí.

Ó da omi náà nù. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń tì í lọ ní òwúrọ̀, tí iná funfun ń kọjá lókè rẹ̀, ó di irin ibùsùn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó fẹ́ ka Fátíà. Orúkọ Morufat ọmọ Sàlámọ́tù ló ń wá sí i lẹ́nu, léraléra, títí oorun fi gbé e lọ.

Ó jí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó ní òun fẹ́ rí i. Dókítà Jóṣúà gbé abọ́ kan wá. Nǹkan náà wà nínú awọ rẹ̀ lódidi, ó ń dán, ó pupa rúsúrúsú bí ọ̀rá adìyẹ, àwọn ìlà funfun sì là á kọjá. Àdìjátù retí ojú. Ó retí eyín. Kò rí nǹkan kan.

"Ara mi nìyí?"

"Ara yín ni," ni Dókítà wí. "A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lódidi, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ náà ni."

*

Nígbà tí ọgbẹ́ náà san, ó lọ sílé Hàjíà. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Yàrá náà ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ìkòkò àgbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n sì ti so ońdè mọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó kú náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Hàjíà ti rù. Ojú nìkan ló kù lára rẹ̀ tó ṣì ń jà.

"O wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ ni mo wá bi yín."

"Èmi ni. Méjèèjì. Èkejì, orí ibùsùn yìí ni mo ti rán wọn." Kò tijú.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé nǹkan yẹn sí mi lára?"

Hàjíà mi orí. "Mi ò gbé e síbẹ̀. Mo bá a níbẹ̀ ni. Mo wá sọ ọ́ di tèmi, kí o lè máa bẹ̀rù mi." Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ náà, ọwọ́ kò dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n èyí, ìwọ lo gbé e síbẹ̀. Wọ́n rí ọ lẹ́yìn Ìga. Wọ́n ní o pe orúkọ ìyá mi. Sọ pé wọ́n purọ́."

Àdìjátù kò lè sọ pé wọ́n purọ́.

"Ẹ lọ sí ọsibítù, Hàjíà. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ṣe èèyàn báyìí. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀."

"Ọsibítù ò lè tú ohun tí ènìyàn dì. Bàbá Ìjẹ̀bú ní bí mo bá gba abẹ́rẹ́ lé e lórí, ẹ̀gbẹ́ kejì á kú tẹ̀lé e. Tú u. Mi ò ní kúrò níbí àfi tí o bá tú u."

Àdìjátù jáde, ó sì gba ẹ̀yìn Ìga lọ. Ilẹ̀kùn Alfa Ubaydullah ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ti kó tábìlì rẹ̀ síbẹ̀, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹní, kò sí wàláà. Òórùn tùràrí nìkan ló ṣẹ́kù lára ògiri. Kò sí ẹni tó máa tú nǹkan kan.

 Ó padà sílé Hàjíà.

"Mo ti tú u," ló wí.

"Lójú ta ni?"

"Lójú Ọlọ́run. Mo pè yín wọ inú omi, mo sì ti pè yín jáde. Ó ti kúrò lára yín. Ohun tó kù lára yín báyìí, ti dókítà ni." Irọ́ náà jáde geerege, kò kọsẹ̀ níbì kankan. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn yín o, Hàjíà. Mi ò fẹ́ràn yín. Mi ò kàn fẹ́ gbé yín sọ́rùn ni."

Hàjíà wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó mú àlùmọ́gàjí wá, kó gé àwọn ońdè náà kúrò, kó sì lọ wá ọkọ̀.

*

Ọwọ́ náà kò padà bọ̀ sípò tán. Àwọn dókítà ní ó pẹ́ kó tó wá. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀, títí tó fi lè fi ọ̀pá rìn. Ẹnu rẹ̀ náà tọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó fi ẹnu náà ṣe ni pé ó lọ bá Lèmọ́mù.

Wọ́n pè wọ́n lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwọn àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn obìnrin sí èkejì. Lèmọ́mù Bashiru nu ojú rẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ náà ò wù.

"Ìyá Nusrat, Hàjíà ní ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún òun pé ẹ ti tú ohun tí ẹ dì mọ́ òun. Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Àdìjátù wo Hàjíà. Àpò oògùn Hàjíà wà lórí itan rẹ̀. Bí òun bá sọ pé irọ́ ni, pé òun ò tú nǹkan kan, Hàjíà á gbà pé ó ṣì wà lára òun. Á da oògùn yẹn nù kí ilẹ̀ tó ṣú, á sì padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbẹ́ kejì á sì kú lóòótọ́.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Ẹ dì í tẹ́lẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Mo pe orúkọ rẹ̀ sínú omi. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Òun náà gbé ìbẹ́pẹ sí ẹnu ọ̀nà mi."

"Mo gbé e," ni Hàjíà wí. Ó gbé ọwọ́ tó kú náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ òsì rẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí i. "Ta ni ìbẹ́pẹ pa?"

 Bùsàrí, tó wà lẹ́yìn láàárín àwọn ọkùnrin, bojú wolẹ̀. Nígbà tí oṣù Máólúdì lé, orí Hàjíà Morufat ni wọ́n wé láwàní lé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń wé e, ojú rẹ̀ ń wá Àdìjátù kiri láàárín èrò, kì í ṣe láti fi yọ̀ ọ́. Ó ń ṣọ́ ọwọ́ Àdìjátù ni, bóyá omi wà níbẹ̀.

*

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ń yà fún un lọ́nà. Àwọn tó ń wá ra ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ wọn kan ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá kí ọmọ ẹnì kan, ìyá ọmọ náà á rọra fà á mọ́ra. Ó ń fara dà á. Bùsàrí ti tún rédíò rẹ̀ tàn.

Òjò ń rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí Memunat wọlé. Ìyàwó kékeré ni Memunat ní ilé kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kò tíì pẹ́ tó já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú. Ó wo ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, wọ́n ní ẹ mọ ẹni tó máa ń dá nǹkan padà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

Ó ṣí àyà rẹ̀. Àdìjátù kò bi í ní nǹkan kan, ó fi ìka kan abẹ́ ọmú ọ̀tún rẹ̀. Èyí kò rọ̀. Ó le bí òkúta, ó lẹ̀ mọ́ ibi tó wà, kò yẹ̀ fún ìka rárá. Awọ tó wà lórí rẹ̀ ti fà wọnú díẹ̀.

"Ìyálé mi ló ṣe é," ni Memunat wí. Omi òjò àti omijé ti dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi dá a padà sí i lára. Mo ti wádìí orúkọ ìyá rẹ̀."

"Má pè é."

"Màmá—"

"Mo ní má pe orúkọ náà. Èyí kì í gba orúkọ." Àdìjátù ti dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ àti ìborùn rẹ̀. "Da aṣọ bora. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í gbé nítòsí, ọkọ̀ la máa wọ̀."

"Nísinsìnyí, nínú òjò?"

"Nísinsìnyí."

Memunat tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé alágbára ni, Màmá? Alfa wo ni?"

"Jóṣúà ni wọ́n ń pè é," ni Àdìjátù wí, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.